Ẹ̀rọ Tó Ń Ka Ikọ́

Bí dókítà bá bi aláìsàn pé, "Ìgbà mélòó lẹ wúkọ́ lánàá?", àbá lásán ni onítọ̀hún yóò dá, ta ló ń ka ikọ́ ojú oorun? Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Northwestern ní Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ Kòrónà, ti wúlò. Kò ju sítáǹbù lẹ́tà lọ. Ìsàlẹ̀ ọ̀fun ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, ó sì ń ka ikọ́, èémí àti lílù ọkàn tọ̀sán-tòru. Àwọn kan ní amí ni. Rárá o, kò ní gbohùngbohùn. Gbígbọ̀n awọ ọrùn ló ń kà.

Àtakò tó lágbára jù ni pé iye ikọ́ kò sọ ohun tó fà á. Òótọ́ ni, àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ló ń ya TB sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀fìnkìn. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹ̀rọ tó lè fi hàn pé ikọ́ ń pọ̀ sí i, tàbí pé ó ń dínkù lẹ́yìn oògùn, ti ṣe ohun tí ìrántí aláìsàn kò lè ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní ẹ̀rọ, tí ikọ́ yín ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò: ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti oògùn TB nílé ìwòsàn ìjọba Nàìjíríà.