Olùkọ́ Ní Ìgbà Ogun

Ìró agogo ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ohun àjèjì ní Òkè Bọ́lá ní ìlú Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni Ibadan Boys' High School wà, èyí tí Olóyè T. L. Oyèsínà dá sílẹ̀ ní ọdún 1938. Bí ènìyàn bá sì ti ibẹ̀ kọjá sí apá Mọ́lété àti Kúdẹtì, ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò máa bá pàdé lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń gba ọ̀nà wọ̀nyí lójoojúmọ́ ni kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ìwé kò rọrùn láti ta gbòǹgbò ní Ìbàdàn, àti pé ní àárín ogun ni àwọn tí ó kọ́kọ́ gbìn ín ti bomi rin ín.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1853 ni David Hinderer, ọmọ Jámánì tí Ìjọ C.M.S. rán níṣẹ́, àti Anna aya rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn. Kúdẹtì ni wọ́n kọ́ ilé sí. Ìlú ológun ni Ìbàdàn nígbà náà. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò sì fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́, nítorí wọ́n bẹ̀rù pé ìwé yóò sọ ọmọkùnrin di ojo. Síbẹ̀, àwọn díẹ̀ fi ọmọ wọn lé obìnrin àlejò náà lọ́wọ́. Ó kọ́ wọn ní ìwé kíkà àti aṣọ rírán, ó ń bọ́ wọn, ó ń tọ́jú wọn bí ara wọn kò bá le. "Ìyá" ni wọ́n ń pè é.

Ní ọdún 1859 ni Aláàfin Àtìbà wàjà, tí Adélù ọmọ rẹ̀ sì gorí oyè. Kúrunmí, Ààrẹ-ọ̀nà-kakaǹfò tí ń gbé Ìjàyè, kọ̀ láti júbà fún un, nítorí pé àṣà àtijọ́ kò gbà kí Àrẹ̀mọ jọba lẹ́yìn baba rẹ̀. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù, Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ogun sì bẹ́ ní ọdún 1860. Ìjàyè fọ́ ní oṣù kẹta ọdún 1862, ṣùgbọ́n ìjà kò tán, nítorí pé Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti di ọ̀nà òkun. Owó, oògùn àti aṣọ tí ì bá ti Èkó wá kò lè wọlé mọ́. Àwọn àgbà ní bí ebi bá ti wọ inú, ọ̀rọ̀ mìíràn kò lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ní Kúdẹtì, tọkọtaya yìí ń ta agolo òfìfo àti ohun èlò ilé wọn kí wọ́n lè rí owó ẹyọ ra oúnjẹ fún agbo-ilé tí ó kún fún ọmọ, wọn kò sì pa ilé-ẹ̀kọ́ tì. Àìsàn ti wọ Anna lára gidigidi kí John Glover, tí ń ṣàkóso Èkó, tó rán ènìyàn gba inú igbó wá ní ọdún 1865. Anna bá wọn lọ. Ọkọ rẹ̀ dúró ti iṣẹ́. Ní ọdún 1866 ni ìwé *Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́*, tí ó túmọ̀ sí èdè Yorùbá, jáde.

Ó rọrùn láti yin irú ìfaradà bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó ṣòro ni ọ̀ràn ẹ̀rí-ọkàn. Henry Townsend, òjíṣẹ́ Ìjọ kan náà, wà ní Abẹ́òkúta, níbi tí ó ti dá *Ìwé Ìròyìn* sílẹ̀ ní ọdún 1859; ti Ẹ̀gbá ni ó ń ṣe. Hinderer ní tirẹ̀ ń rò ẹjọ́ Ìbàdàn fún àwọn ará òde. Bíbélì kan náà ni àwọn méjèèjì ń kà, wọn kò sì fi ojú kan náà wo ogun. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́. Ẹni tí ó bá ń bá ìlú jẹ, tí ó ń bá ìlú mu, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa fi ojú ìlú wo ayé. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti fẹ́ràn ẹni tí ó gbani sílé. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò lè sọ fún onílé pé ó ṣìnà kò tíì pé. Ẹni tí a fi ṣe ẹrú lójú ogun kò ní agbẹjọ́rò ní Abẹ́òkúta, kò sì ní ní Ìbàdàn.

Kò sì yẹ kí ìtàn àwọn àlejò bo ti àwọn onílẹ̀ mọ́lẹ̀. Daniel Olúbi, ọmọ Ẹ̀gbá, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ní Ìbàdàn nígbà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń bá Ìbàdàn jà. Bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ ni, ì bá ti sá lọ. Ó dúró, nígbà tí àwọn Hinderer sì fi Ìbàdàn sílẹ̀ padà sílé ní ọdún 1869, òun ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Àlejò ní ibi tí yóò padà sí bí ọ̀nà bá là. Olúbi ni ó gbé ẹrù náà títí.

Àwọn kan lè wí pé, "Kí ni ábídí lè ṣe níwájú ìbọn? Ṣé ẹ̀kọ́ Kúdẹtì dá ogun Ìjàyè dúró?" Òótọ́ ni, kò dá a dúró. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1857, ọmọdékùnrin kan bá àwọn òbí rẹ̀ ti Sàró wá sí Ìbàdàn láti bá Hinderer ṣiṣẹ́. Samuel Johnson ni orúkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ rí ogun Ìjàyè. Ó dàgbà, ó di olùkọ́ ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ó di àlùfáà. Nígbà tí ogun Kírìjì gba ilẹ̀ Yorùbá kan láti ọdún 1877, òun àti Charles Phillips ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà láti ibùdó dé ibùdó, títí àwọn ọba àti ìjòyè fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọdún 1886. Òun kan náà ni ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, èyí tí ó parí ní ọdún 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe rò pé ìgbà tí ìlú bá rójú nìkan ni iṣẹ́ òòjọ́ ní láárí. Ogun a máa ba ilé jẹ́, a sì máa ba ìwà jẹ́ pẹ̀lú, nítorí pé a máa mú kí ènìyàn rò pé ohun tí òun ń ṣe kò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹni tí ó kọ́ ọmọ ní lẹ́tà kan ní ọjọ́ tí oúnjẹ kò tó, tí ó sì pín èyí tí ó wà dọ́gba, ti kọ èrò náà. Bí ó bá tún lè sọ òtítọ́ fún àwọn tí ó gbà á sílé, a jẹ́ pé ó ti ṣe ojúṣe olùkọ́ dé góńgó.