Ẹ Lé Ọ̀rinrin Jáde Nínú Ilé Yín

Láti oṣù karùn-ún títí wọ oṣù kẹwàá, ilé tí a kì í ti í gbọ́ sísín láàárọ̀ kò pọ̀ ní Èkó. Ọmọ á jí, imú rẹ̀ á ti dí, ojú á máa yún un. Ìyá àgbà á wúkọ́ mọ́jú. Àwọn kan á ní òtútù ni. Àwọn mìíràn á ní ayé ló ń bá wọn jà, nítorí pé àfi tí ilẹ̀ bá ṣú, tí wọ́n bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ni wàhálà náà tó ń bẹ̀rẹ̀. Ká tó dárúkọ ọ̀tá kankan, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ bẹ́ẹ̀dì wò. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà.

Kòkòrò kan ń gbé inú eruku ilé tí ojú lásán kò lè rí. Bí mẹ́ta bá tò tẹ̀lé ara wọn, bóyá ni wọ́n á gùn tó mìlímítà kan. Kì í gé ni jẹ, kì í mu ẹ̀jẹ̀ bí ìdun. Ìpẹ́pẹ́ tó ń bọ́ lára awọ wa ló ń jẹ, ìgbẹ́ rẹ̀ ni ara ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ̀. Bí a bá gbé orí lé ìrọ̀rí, a ti ń fà á símú nìyẹn. Kòkòrò yìí kì í wá omi mu. Inú afẹ́fẹ́ ló ti ń fa ọ̀rinrin sára. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá wà nísàlẹ̀ 50 nínú 100, nǹkan á le fún un. Àmọ́ ní Èkó lásìkò òjò, ọ̀rinrin máa ń kọjá 80. Ọ̀rinrin yìí náà ló ń mú kí ògiri bu, òun náà ni aáyán ń wá kiri. Ẹni tó ń gbálẹ̀ lójoojúmọ́ tí kò lé ọ̀rinrin jáde, agbọ̀n ló fi ń pọnmi.

Ibùsùn ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ká máa fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti àpò ìrọ̀rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó má jẹ́ omi tútù. Omi tó gbóná tó ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ń pa kòkòrò náà. Bí ẹ kò bá ní ohun tí ẹ lè fi wọ̀n ọ́n, ẹ da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó àti omi ẹ̀rọ pọ̀ ní ọgbọọgba, yóò sún mọ́ iye náà. Ẹ rẹ aṣọ sínú rẹ̀, ẹ fi igi rò ó, ẹ bo korobá náà, kí ẹ sì lé ọmọdé jìnnà síbẹ̀. Oòrùn ni kí ẹ sá a sí. Aṣọ tí a bá sá sórí okùn nínú yàrá, inú yàrá náà ni gbogbo omi rẹ̀ ń lọ. Bí oòrùn bá yọ, ẹ gbé fóòmù náà síta, kí ẹ sì ṣí fèrèsé gbayawu.

Ìgbálẹ̀ gbígbẹ máa ń gbé eruku dìde, kó tó balẹ̀ a ti fà á símú. Àwọn ìyá wa mọ èyí tí wọ́n fi ń wọ́n omi sílẹ̀ kí wọ́n tó gbálẹ̀. Ẹ fi àkísà tó tutù díẹ̀ nu ilẹ̀, orí kọ́bọ́ọ̀dù àti apá fáànù.

Ó kan ògiri. Ẹ fa wọ́dúróòbù síwájú, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì dúdú wínníwínní, tí òórùn aṣọ tí kò gbẹ ń jáde, ògiri ti bu. Ọ̀pọ̀ láńlọ́ọ̀dù á kùn ún ní ọ̀dà kí ayálégbé tuntun tó kó wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í pa ohun dúdú náà. Bí òjò bá dé, á tún yọjú. Ẹ wá ibi tí omi ti ń wọlé ná: páànù tó ń jò, páìpù tó ń sun, gọ́tà tó dí. Bí ẹ bá ti tún ìyẹn ṣe, ẹ bo imú, ẹ fi omi ọṣẹ fọ ògiri náà, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Kápẹ́ẹ̀tì tàbí fóòmù tí omi bá wọ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ láàárín wákàtí 48, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á bu.

Ní ti aáyán, àwo tí a kò fọ̀ mọ́jú àti páálí tí a tò sí kọ̀rọ̀ ló ń pè é wọlé. Ìgbẹ́ àti ìpẹ́ ara rẹ̀ lè ta ikọ́ fée jí, pàápàá lára ọmọdé. Nítorí náà, bí a bá pa á tán, ká fi omi ọṣẹ nu ibi tó ń gbé.

Oògùn tí àwa fúnra wa ń lò tún lè ṣeni ní jàǹbá ju kòkòrò lọ. Oògùn kòkòrò inú oko ni Sniper, kì í ṣe ohun tí à ń fọ́n sí yàrá. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò rẹ̀ kékeré 100ml. Ẹ má da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí èéfín tí yóò jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Káfúrà tí a ń jù sáàárín aṣọ kí ó má baà rùn, ẹ má fi sí aṣọ ìkókó láéláé. Àwọn ọmọ kan wà tí èròjà G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọn kò sì ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn káfúrà símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa fọ́, kí ojú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, kó sì di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọdọ̀ torí pé ilé mọ́ kó pa oògùn tí dókítà fún un láti máa fà sí ẹ̀dọ̀fóró tì. Ẹ̀yin òbí, ẹ má dúró de ìgbà tí ọmọ kò ní lè mí délẹ̀ kí ẹ tó ṣe nǹkan. Bí oòrùn bá ti yọ, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì síta, ẹ dí ibi tó ń jò. Owó páànù kan kò tó owó ọsibítù ọ̀sẹ̀ kan.