Fídíò Kúkúrú àti Àwọn Ọ̀dọ́ Alímọ̀ṣọ́

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó ń kọ́ṣẹ́ tàbí tí ó ń tajà ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò ní Alímọ̀ṣọ́, Èkó, ni ó gbà pé fídíò kúkúrú, èyí tí kì í sábà gùn lórí TikTok, Instagram tàbí YouTube, lè sọ ẹni tí a kò mọ̀ di ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀ lé. Wọn kò sì ṣìnà, nítorí pé àwọn ọmọ Ìkòròdú tí a mọ̀ sí Ikorodu Bois, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2017, fi ìkòkò, bárò àti àwọn nǹkan inú ilé mìíràn ṣe àfarawé fíìmù ńláńlá títí tí Netflix fi fi ohun èlò ìyàwòrán ránṣẹ́ sí wọn ní 2020. Kì í ṣe owó ni wọ́n fi kó èrò jọ bí kò ṣe ìfarabalẹ̀ lórí ìran kọ̀ọ̀kan. Álígọ́rídímù, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń pinnu ẹni tí yóò rí fídíò, a máa kọ́kọ́ fi í han ènìyàn díẹ̀, bí wọ́n bá sì wò ó dé òpin, a máa tàn án kálẹ̀ sí i. Ìdí nìyí tí ríra ọmọlẹ́yìn tí kò ní wo fídíò náà fi jẹ́ òfò pátápátá. Télọ̀ Ẹ̀gbẹ́dá tí ó bá ń fi Yorùbá ṣàlàyé bí a ṣe ń gé bùbá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lè má ní èrò púpọ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó bá ní yóò mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.