Ẹni Tó Mọ Oríkì Mi

Ó ti tó oṣù méjì tí ó yẹ kí n ti kọ ọ̀rọ̀ òní. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n kọ ọ́.

Àwa ọmọ ilé ìyá mi ní Òmù-Àrán ní ẹgbẹ́ kan lórí WhatsApp. Ibẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ìròyìn ìkómọ, ibẹ̀ ni a ti ń dá owó ìsìnkú àgbà. Àbúrò ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Kékeré, ni akápò wa. Èsìẹ́ ni ilé ọkọ rẹ̀, níbẹ̀ ni ó sì ti ń ta gàrí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó pè mí. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn ará ilé kọ̀wé sí òun pé wọ́n fẹ́ fi òun kún ìpàdé kan, pé nọ́ńbà mẹ́fà yóò wọlé sórí fóònù òun, kí òun fi í ránṣẹ́. Nọ́ńbà náà ti wọlé. "Àbẹ̀kẹ́, ṣé kí n fi í ránṣẹ́?"

Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí mo gbọ́dọ̀ parí kí ilẹ̀ tó ṣú. N kò béèrè ìpàdé wo. Mo ní, "Ẹ fi í ránṣẹ́, Mà. Ará ilé náà kúkú ni."

Kì í ṣe ará ilé. Olè ti gba WhatsApp ẹni náà láti àárọ̀, òun ni ó ń fi orúkọ rẹ̀ kọ̀wé. Kò pẹ́ tí ìwé fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lórúkọ Màmá Kékeré, pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ tó wé gèlè aláwọ̀ ewé: òun wà ní ilé ìwòsàn, báǹkì òun kò dá òun lóhùn, kí a jọ̀wọ́ fi owó sí àkáǹtì kan, òun yóò dá a padà lọ́la. Àwọn mẹ́ta fi owó ránṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. ₦45,000 tó kó jọ fún owó ilé ni ó fi ránṣẹ́. Nígbà tí a dé báǹkì, wọ́n ti kó owó náà lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ohun tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé akápò ni, ta ni ó mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀? Màmá Kékeré gbọ́. Ó kó ìwé owó fún ẹlòmíràn, ó sì kúrò nínú ẹgbẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo ní kí òun fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́. Èmi náà kò sọ.

Àdánwò irú èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola wọ Nàìjíríà, ìwé kan ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn pé kí a fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n jí wa lóru nílé, a sì wẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ebola pa ènìyàn mẹ́jọ ní orílẹ̀-èdè yìí kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù kẹwàá. Irọ́ náà ní òkú tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó sì fi í ránṣẹ́ sí wa kì í ṣe ọ̀tá. Ìfẹ́ ni ó fi ṣe é.

Nígbà tí mo ń kọ́ ìmọ̀ Yorùbá ní yunifásítì, a kọ́ nípa àrokò. Bí owó ẹyọ méjì bá kọjú síra wọn, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra wọn, ìjà ti dé. Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà, ọkàn olùfẹ́ ń fà sí ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí. Ohun tó fún àrokò lágbára ni pé afiránṣẹ́ àti ẹni tó gbà á jọ mọ ohun kan tí àjèjì kò mọ̀. Ohun tó sọnù lórí fóònù wa nìyẹn. Àwòrán àti orúkọ nìkan ni a ń wò.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àmì wà nínú ìwé olè náà. Ó pè mí ní orúkọ tó wà lórí fóònù. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, Màmá Kékeré kò pè mí ní ohun mìíràn ju Àbẹ̀kẹ́ lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí kọ́. Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ilé yín. Ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ọmọ ìyá yín. Ẹ lọ sí ibi ètò WhatsApp, kí ẹ fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ kejì sí i, kí olè má lè fi ti àkọ́kọ́ nìkan wọlé. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ tún fi nọ́ńbà fóònù yín wọlé. Bí nọ́ńbà tuntun bá dé tí ẹ tẹ̀ ẹ́, olè yóò bọ́ síta. Bí ó bá ti fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tirẹ̀ sí i, ẹ ó dúró fún ọjọ́ méje. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ máa pe àwọn ènìyàn yín.

Bí ẹnikẹ́ni bá tọrọ owó, ẹ pè é lórí fóònù lásán. Ẹ̀rọ ti lè sín ohùn ènìyàn jẹ báyìí, nítorí náà ẹ bi í ní ohun tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan mọ̀. Bí ẹ bá rí ọfà méjì lórí ìwé kan, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ó ti gbà kọjá. Láti oṣù kẹrin ọdún 2020, ibì kan ṣoṣo ni WhatsApp ń gbà kí a fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Bí àgbà bá sì gbé irọ́ wá, ẹ má ṣe dójú tì í láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ kọ̀wé sí i ní ìkọ̀kọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ sí Èsìẹ́. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kọjá, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Àwọn ère òkúta ibẹ̀ ní ojú, wọ́n ní ẹnu, ìlà wà lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ wọn kò lè sọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Mo bá Màmá Kékeré ní ìsọ̀ rẹ̀, mo kúnlẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Níwájú rẹ̀ ni mo ti fi ohùn ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ pé èmi ni mo ní kí ó ṣe é, àti pé èmi ni n ó máa dá owó akẹ́kọ̀ọ́ yẹn padà díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó padà sínú ẹgbẹ́. Kò tíì padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó di gàrí fún mi, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, bí o bá délé, pè mí. Má kọ̀wé o. Pè mí."