Olúgbódi Kì í Ṣe Ohun Ìbòmọ́lẹ̀

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Mo lọ síbi ìkómọ kan ní Thamesmead nínú oṣù kẹjọ. Oòrùn mú, síbẹ̀ wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ fún ọmọ tuntun lọ́wọ́ méjèèjì. Ìyá àgbà tó ti Ìjẹ̀bú-Òde wá wo ọmọ títí, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ó sì kígbe pé, “Olúgbódi ni!” Ó na ọwọ́ tirẹ̀, ó fi àpá kan hàn wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka tó kéré jù. Wọ́n ti gé ìka kẹfà tirẹ̀ láti kékeré. Ìyá ọmọ doríkodò. Ó ti sọ fún dókítà pé kò sí irú rẹ̀ rí ní ìdílé àwọn.

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà, irọ́ yìí ni mo fẹ́ bá wí lónìí.

Ìka kẹfà tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka tó kéré jù wọ́pọ̀ láàárín àwa ènìyàn dúdú ju láàárín àwọn òyìnbó lọ. Ara òbí ni ó ti ń dé ara ọmọ. Ó sì lè fo ìran kan, nítorí pé ẹni tó gbé jíìnì náà lè ṣàì ní ìka kẹfà rárá. Bí ó bá jẹ́ ti ìdílé, tí ara ọmọ sì dá ṣáṣá, kò sábà léwu. Ṣùgbọ́n ìka kẹfà tún lè jẹ́ àmì àìsàn mìíràn tí ń ba ọkàn, ojú tàbí kíndìnrín jẹ́. Kí ni dókítà yóò fi mọ ìyàtọ̀? Ó ń yẹ ara ọmọ wò, ó sì ń béèrè ìdílé. Ẹni tó bá purọ́ fún un ti dì í lójú kan.

Ẹ wo Victor McKusick, dókítà ará Amẹ́ríkà tó kú ní 2008, tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wádìí àwọn àìsàn àjogúnbá, ti egungun pẹ̀lú. Ní 1964, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Johns Hopkins tẹ ìwádìí wọn jáde lórí àwọn Amish ti Lancaster County ní Pennsylvania. Wọ́n rí ènìyàn 52 tí wọ́n kúrú, tí wọ́n ní ìka mẹ́fà, tí ọkàn púpọ̀ nínú wọn sì ní àléébù. Bí AS àti AS ṣe ń bí SS ni àìsàn yìí ṣe ń wáyé: bàbá àti ìyá ló gbé e, ara tiwọn sì le. McKusick tọ ìdílé wọn lọ sẹ́yìn dé ọ̀dọ̀ tọkọtaya kan tó wọ Amẹ́ríkà ní 1744. Báwo ló ṣe ṣe é? Àwọn Amish, tí kì í wa mọ́tò, ti kọ ìtàn ìdílé wọn sílẹ̀, wọ́n sì ṣí i fún un. Ní 2000, àwọn onímọ̀ rí jíìnì náà gan-an.

Àwọn Amish fi ìwé pa tiwọn mọ́. Àwọn baba wa fi orúkọ pa tiwa mọ́. Àjàyí dojú bolẹ̀ wáyé, Ìgè mú ẹsẹ̀ wá, Olúgbódi mú ìka kẹfà bọ̀. Kí ni orúkọ àmútọ̀runwá bí kò ṣe àkọsílẹ̀ nípa bí ara ọmọ ṣe rí? Àwa tí a ní irú ogún yìí la wá dé Woolwich tí a ń fi ìbọ̀wọ́ bo ọmọ.

Ẹnìkan yóò ní, “Ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo.” Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n èkúté ni òwe yẹn ń wí, kì í ṣe ọmọ. Ẹlòmíràn yóò ní òyìnbó ti fi ara ènìyàn dúdú ṣe ìwádìí ìkà rí. Ìyẹn náà kì í ṣe irọ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ẹ lè kọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ mọ ohun tí kíkọ̀ gbogbo wa yóò ná wa. Púpọ̀ jùlọ nínú àwọn tí wọ́n ti yẹ jíìnì wọn wò láyé ni ìran Yúróòpù. Ìdí nìyẹn tí èsì àyẹ̀wò àwọn ọmọ wa fi máa ń wá pé wọ́n rí ìyàtọ̀ kan, wọn kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ju ti ọmọ òyìnbó lọ.

Àwa náà kọ́ là ń bi àfẹ́sọ́nà léèrè bóyá AA ni tàbí AS? Ojú kò tì wá mọ́ nípa ẹ̀jẹ̀. Kí ló dé tí ojú ń tì wá nípa egungun?

Ẹ jókòó ti àwọn ìyá yín kí wọ́n tó lọ. Ta ló ní ìka mẹ́fà? Egungun ta ló ń tètè kán? Ta ló kúrú ju gbogbo ọmọ ìyá rẹ̀ lọ? Ọmọ ta ló kú ní kékeré tí wọ́n ní àbíkú ni? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá pè yín sí Queen Elizabeth níbí, tàbí tí ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Woolwich Arsenal lọ sí Guy's ní London Bridge, ẹ mú ìwé náà dání. Ẹ má sì fi òwú so ìka náà nílé: òmíràn ní egungun nínú, iṣẹ́ oníṣẹ́ abẹ ni.

Ní ọjọ́ ìkómọ yẹn, orúkọ mẹ́jọ ni wọ́n sọ ọmọ náà. Olúgbódi kò sí níbẹ̀. Mo dìde, mo fi pọ́n-ùn márùn-ún sínú àwo, mo ní Olúgbódi lèmi ń pè é. Ìyá àgbà nìkan ló ṣe àmín.