Tíìkì Ọmọdé, Tíìkì Àgbà: Ẹni Tó Fẹ́ Ṣe Ilẹ̀kùn, Ẹ Dúró Gbọ́

Ọ̀rọ̀ igi ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ má sì sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn káfíńtà nìkan ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìsọ̀ tó ń tì lálẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn án.

Lọ́dún 2021, ìyá mi tó ń ta èlùbọ́ kó àjọ, ó fi ṣe ilẹ̀kùn àti férémù tuntun sí ìsọ̀ rẹ̀. Káfíńtà búra pé ojúlówó tíìkì ni, pé ikán ò lè fẹnu kàn án láéláé. Òjò ọdún kẹta ò tíì dá tí férémù fi di ìyẹ̀fun. Ìyá mi fìka tì í báyìí, ìka wọlé. Owó àjọ odidi ọdún kan! Inú bí mi. Mo ní káfíńtà purọ́, pé igi yẹn kì í ṣe tíìkì. Àṣé tíìkì ni lóòótọ́. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Mo gbé àjákù férémù náà tọ bàbá kan tó ti ń lagi láti kékeré n'Ìbàdàn. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo igi yìí." Bàbá yí i síwá, yí i sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, tíìkì ni. Àmọ́ ọmọdé ni. Ṣé wọ́n ń rán ọmọ jòjòló lógun ni?"

Bàbá wá là á yé mi. Ọ̀nà méjì ni ara tíìkì pín sí. Èyí tó wà lábẹ́ èèpo funfun, ó fẹ́ẹ́ pọ́n rúsúrúsú. Èyí tó wà láàárín, ìyẹn ọkàn igi, ló ní àwọ̀ bí oyin. Ọkàn yìí ló lépo nínú, epo yẹn ni ikán ń sá fún. Òun náà ni kì í jẹ́ kí pákó ká kò tàbí kó sún kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ara funfun ò ní ààbò kankan. Igi tí ò tíì dàgbà, ara funfun ló pọ̀ lára rẹ̀, epo ọkàn rẹ̀ ò sì tíì tó nǹkan. Ohun tí wọ́n tà fún ìyá mi nìyẹn.

Àjèjì ni tíìkì o. India, Burma àti Thailand wà lára ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Ọdún 1902 ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn ín ní Nàìjíríà, nínú igbó ìjọba Olókèméjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí a ò kúkú gbin ìrókò tiwa lọ súà. Kòkòrò ni ò jẹ́. Tí ìrókò bá ṣì kéré, kòkòrò kan á wọnú ewé rẹ̀, ewé á wú bí eéwo, igi á sì kú. Ọ̀gànwó náà ní kòkòrò tirẹ̀ tó ń jẹ ṣóńṣó orí rẹ̀. Tíìkì ò níṣòro yẹn, kódà tí wọ́n bá gé e, kùkùté rẹ̀ á tún hù.

Ní Burma láyé àtijọ́, wọn kì í kánjú gé e. Wọ́n á kọ́kọ́ gé èèpo yí ìdí igi àgbà ká, igi á kú lóòró, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ bí ọdún mẹ́ta kó lè gbẹ. Tútù rẹ̀ kì í léfòó lójú omi. Lẹ́yìn náà ni erin á wọ́ ọ lọ sódò.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Ìkánjú ti bà á jẹ́. Olè ń wọ igbó ìjọba lóru, wọ́n ń gé ohun tí wọ́n bá rí, ọmọdé àti àgbà. Kọ̀ǹtẹ́nà tí wọ́n ti fi kó o lọ sí India ò kéré. Kékeré tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ń là ta fún wa lórúkọ àgbà. Ẹni tó bá rà á láìbéèrè, ó ti sanwó fún olè, ó tún ra oúnjẹ fún ikán.

Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo orí pákó níbi tí wọ́n ti gé e. Tí funfun bá pọ̀ ju àwọ̀ oyin lọ, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wo àwọn ìlà róbótó tó wà níbẹ̀: ìlà kan dúró fún bí ọdún kan. Ẹ fọwọ́ pa á, ojúlówó á dà bí ohun tí wọ́n fi òróró ra. Ẹ rí i pé ó ti gbẹ. Kẹ́ ẹ sì bi onípákó léèrè ibi tí gẹdú ti wá, àti bóyá ó ní àmì òòlù ìjọba lórí. Onípákó tó mọ́ kì í bínú sí ìbéèrè.

Kì í ṣe pé tíìkì kékeré ò wúlò o. Tí wọ́n bá fi oògùn ikán sí i, ó dára fún òpó. Kí káfíńtà sáà sọ òótọ́, kó sì gba owó ọmọdé lórí ọmọdé.

Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Igi náà ń fẹ́ sùúrù. Ìyá mi ti tún ń dá àjọ ilẹ̀kùn mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni n óò tẹ̀ lé wọn lọ sí ìsọ̀ pákó. Ẹni tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí, kó kọ lẹ́tà sí wa. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.