Tẹ́ṣàn Kì Í Ṣe Kóòtù Gbèsè

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló sọ Ṣómólú ní Ìpínlẹ̀ Èkó di ìlú mọ̀-ọ́n-ká, gbèsè sì wà lára iṣẹ́ náà. Oníbàárà á san ìdajì owó, á kó kàlẹ́ńdà àti ìwé ìpè ìgbéyàwó lọ, ìdajì tó kù á wá di "ẹ padà wá lọ́la". Bí sùúrù atẹ̀wé bá tán, tẹ́ṣàn ló máa ń gbà lọ, kí ọlọ́pàá lè bá a gbé onígbèsè jù sẹ́yìn káńtà. Bẹ́ẹ̀ Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 ti sọ ọ́ ní abala 32 pé wọn ò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí àdéhùn tó yẹ̀ lásán.

Kí ló wá ń gbé wọn lọ síbẹ̀? Lójú tèmi, tẹ́ṣàn wà ní tòsí, kóòtù kò sì yé wọn. Kò sì yani lẹ́nu pé kò yé wọn: Ṣómólú ní ìjọba ìbílẹ̀, Bàrígà tó múlé tì í náà ti ní ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ tirẹ̀ láti ọdún 2003, àmọ́ kò sí èyí tó lè dá kóòtù sílẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Ìpínlẹ̀ ló ni kóòtù: ti ìbílẹ̀ tó ń tú ìgbéyàwó, ti májísíréètì, àti ilé ẹjọ́ gíga. Ìdí nìyí tí ẹni tí wọ́n mú ní Bàrígà fi ń jẹ́jọ́ ní Yaba. Lọ́dún 2018, ìpínlẹ̀ ya àwọn kóòtù májísíréètì kan sọ́tọ̀ fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, wọ́n pè é ní Small Claims. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó á kọ́kọ́ fi ìwé béèrè owó rẹ̀. Bí kò bá rí i gbà, ó lè pẹjọ́ fúnra rẹ̀ láìgba lọ́yà. Ọgọ́ta ọjọ́ ni ìlànà fún ẹjọ́ náà.

Àwọn kan á ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló ti àtìmọ́lé bọ̀ tó tún gbé iṣẹ́ fún ẹni tó tì í mọ́lé? Ẹni tó fẹ́ kí àjọṣe máa lọ lè lọ sí Citizens' Mediation Centre, tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1999 láti máa parí ìjà lọ́fẹ̀ẹ́. Àtakò tó wúwo jù ni pé ìdájọ́ kì í ṣe owó, àti pé ọgọ́ta ọjọ́ inú ìwé lè gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kì í jẹrà, òṣìṣẹ́ kóòtù sì lè fi gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù onígbèsè. Owó tí wọ́n bá gbà ní tẹ́ṣàn ní tirẹ̀, ọlọ́pàá á yọ "owó epo" níbẹ̀, onígbèsè tí wọ́n tì mọ́lé sì lè pe olówó àti ọlọ́pàá pa pọ̀ lẹ́jọ́ pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ òun lójú. Gbèsè á wá yí padà sọ́rùn olówó.

Kí ìjọba Ṣómólú àti ti Bàrígà lẹ ìlànà Small Claims mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì wọn, lédè Yorùbá. Kí ẹgbẹ́ àwọn atẹ̀wé náà sì tẹ̀ ẹ́ fún ọmọ ẹgbẹ́. Iṣẹ́ wọn ṣáà ni.